Àjẹ́ Tí A Fẹ́ Níyàwó: Ìwé Kejì Fágúnwà

Ìtàn tó bá tẹ̀lé òmíràn máa ń ru ẹrù méjì. Ó ní láti dùn fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ba èyí tó ṣáájú jẹ́. Igbó Olódùmarè tí D.O. Fágúnwà gbé jáde ní 1949 ru méjèèjì, ó sì tún fi ẹ̀kẹta lé e. Láti 1938 ni àwọn èèyàn ti ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, níbi tí Àkàrà-ògùn ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Nínú ìwé kejì, Àkàrà-ògùn kan náà padà wá sọ ti Olówó-ayé, bàbá rẹ̀. Ìwé kejì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń rìn sí.

Ibi tí ẹrù kẹta wà nìyí. Ìwé kìíní kò tíì lọ jìnnà tí Àkàrà-ògùn fi sọ fún wa pé àjẹ́ ni ìyá òun, pé ó pa ọmọ, ó pa orogún, àti pé bàbá òun ló yìnbọn pa á nígbà tó sọ ara rẹ̀ di ẹranko. Ojú ewé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àjẹ́ kú, ìtàn ń lọ. Lẹ́yìn ọdún 11, Fágúnwà mú ọkùnrin yìí padà wá nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó sì jẹ́ kí ó pàdé arẹwà obìnrin kan tó ń jẹ́ Àjẹ́dìran. Orúkọ náà kò fi nǹkan kan pamọ́. Olówó-ayé mọ irú ẹni tó jẹ́, ó sì fẹ́ ẹ.

Àwọn òyìnbó náà ní ìtàn ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Nínú Dracula tí Bram Stoker kọ ní 1897, ọkùnrin mẹ́ta ló wá tọrọ Lucy lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó kú tán tó ń jí lóru mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, Arthur, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló kan igi mímú mọ́ ọn láyà. Stoker fi ìfẹ́ ṣáájú ikú, nítorí náà Lucy kú tán ó dùn wá. Fágúnwà fi ikú ṣáájú ìfẹ́. Bí Olówó-ayé ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ojú Àjẹ́dìran, ẹni tó ti ka ìwé kìíní mọ bí ìgbéyàwó ọkùnrin yìí pẹ̀lú àjẹ́ ṣe parí. Kò sí ìwà ibi kankan lójú ewé náà, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á.

Ṣé ìwé náà lo àǹfààní yìí tó? Rárá. Ní Ṣómólú níbi tí mò ń gbé, ilé ìtẹ̀wé pọ̀ lọ súà. Bí wọ́n bá di ìwé tán, wọ́n á tì í bọ ẹ̀rọ tó ń gé etí rẹ̀ kó lè tẹ́jú. Inú ìwé yìí kò tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ìjà Olówó-ayé pẹ̀lú Èṣù-kékeré-òde gùn, ó sì yẹ kó gùn: ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà, ìfọ́nnu ọ̀hún ló sì ń sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́, ẹsẹ̀ ìtàn dúró. Bàbá ń pàlọ́, ó ń gbani nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹnìkan lè ní olùkọ́ ni Fágúnwà, ẹ̀kọ́ ló sì ń wá. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà lára Àjẹ́dìran ju ti inú ihò bàbá náà lọ, ìwọ̀nba àyè díẹ̀ ló sì rí gbà.

Ìdí tí èyí fi ká mi lára ni pé ní àdúgbò wa, bí wọ́n bá ti pe ìyá àgbàlagbà kan ní àjẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè mọ́ pé ta ló dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ nígbà èwe rẹ̀, tàbí kí ló ń tà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ láti gbé e. Bí àdúgbò ti ń ṣe ni ìwé kìíní ṣe. Ìwé kejì bèèrè, ó fún obìnrin náà ní orúkọ, ó fún un ní ẹwà, ó sì fún un ní ọkọ tó yàn án lójú méjèèjì. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn náà kúrú, n kò mọ ìwé Yorùbá tó ṣáájú rẹ̀ tó bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé kìíní jáde ní 1968. Ti ìkejì di 2010. Ẹni tó bá gbójú lé ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan dúró fún ọdún 42 kó tó pàdé Àjẹ́dìran. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá kò ní àwáwí. Ẹ ka ti 1938, kí ẹ ka ti 1949, kí ẹ wá padà sí ojú ewé díẹ̀ tí wọ́n ti pa àjẹ́ náà. Wọn kò ní rọrùn láti fò kọjá mọ́.