Ìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Inú Oko Kòkó: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Fífi Kẹ́míkà Tọ́jú Fọ́nrán Ewéko fún Ike

Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ní Ìdànrè, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bo kòkó kékeré, inú oko ni ìtì tí a gé lẹ́yìn ìkórè ń jẹrà sí. Ìwádìí sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé fọ́nrán inú irú ìtì bẹ́ẹ̀ lè fún ike lágbára bí a bá kọ́kọ́ fi kẹ́míkà tọ́jú rẹ̀. A kò tako èyí. Gbólóhùn kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa olùkọ́ ni a fẹ́ yẹ̀ wò: pé kẹ́míkà ń mú kí fọ́nrán lágbára sí i. Èrò wa ni pé gbólóhùn yìí lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ohun tí kẹ́míkà ń ṣe
Fọ́nrán ewéko fẹ́ràn omi. Ike kò gba omi. Bí a bá pò wọ́n pọ̀ lásán, wọn kì í di ara wọn mú. Bí a bá fa àdàlù náà, ṣe ni fọ́nrán yóò yọ jáde. Kọ́sítíìkì sódà ń bó lignin àti ọ̀rá kúrò lára fọ́nrán, ojú rẹ̀ kì yóò dán mọ́, ike yóò sì rí ibi dì mú. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ní 1850 ni John Mercer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé-àṣẹ lórí fífi sódà yìí tọ́jú òwú. Ṣùgbọ́n bí sódà bá le jù, yóò ba cellulose tó gbé fọ́nrán ró jẹ́. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí agbára fọ́nrán dín kù díẹ̀, kí ti àdàlù sì pọ̀ sí i.

Ìwọ̀n àti ìtumọ̀ rẹ̀
Ní 2010, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀, Àkúrẹ́, tẹ iṣẹ́ jáde lórí ipa tí kẹ́míkà ń ní lórí èròjà inú fọ́nrán sísàlì àti agbára rẹ̀ nígbà tí a bá fà á. Ìpìlẹ̀ pàtàkì ni irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n fọ́nrán kì í ṣe ìwọ̀n àdàlù.

Ìbéèrè àgbẹ̀
Ta ni yóò ra sódà? Níbo ni a ó da omi tí a fi ṣan fọ́nrán sí, nígbà tí kò ṣeé dà sódò? Ẹnìkan lè dábàá omi eérú èèpo kòkó tí àwọn aláṣe ọṣẹ dúdú ń lò. Àbá náà dára, ṣùgbọ́n omi eérú kò le tó kọ́sítíìkì sódà, agbára rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti eérú kan sí òmíràn. Ẹni tó bá dá a lábàá gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n.

Àgbálọgbábọ̀
Ẹ jẹ́ kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣẹ́ kẹ́míkà ni láti mú kí fọ́nrán àti ike di ara wọn mú. Kí a fa àdàlù wò, kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a tún fà á. Bí ó bá yege, tí a sì mọ iye tó ná wa, nígbà náà ni a tó lè sọ fún àgbẹ̀ Ìdànrè pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí.