Ṣọ́ọ̀kì Ló Bá A Sọ̀rọ̀

147,573,952,589,676,412,927. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti pè é. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ lọ́nà 67, ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ yọ 1 kúrò: òun náà nìyẹn. Ní 1876, onímọ̀ ìṣirò Édouard Lucas fi hàn pé nọ́ńbà mìíràn yàtọ̀ sí 1 lè pín in láìṣẹ́kù, àmọ́ kò mọ èwo.

Ní oṣù Kẹwàá 1903, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò ní New York, Frank Nelson Cole kọ 193,707,721 àti 761,838,257,287 sójú pátákó, ó sọ wọ́n di púpọ̀. Nọ́ńbà gígùn yẹn gan-an ló já sí! Wọ́n ní kò la ẹnu kó tó padà lọ jókòó.

Bó ṣe wá nọ́ńbà méjèèjì rí gan-an ló wù mí. Kò ṣàdédé máa fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn. Nọ́ńbà yòówù tó bá máa pín òmìrán yìí, bí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 134 gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. Ẹ dán an wò lára 193,707,721: 1,445,580 ni yóò jẹ́. Àwọn tó yẹ kó yẹ̀ wò ṣì lé ní mílíọ̀nù kan, ó sì tún fi ọgbọ́n ìṣirò mìíràn sẹ́ wọn bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ọwọ́ lásán ló fi ṣe é, kò sí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta, wọ́n ní, ló ná an.