Ohun Tí Ó Ń Jábọ́ Lójú Ọ̀nà: Àyẹ̀wò Bio.AlignIO

Bio.AlignIO jẹ́ apá kan nínú Biopython, àkójọ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ kọ ní èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python. Ọdún 2008 ni ó kọ́kọ́ jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka fáìlì tí àwọn onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí to ọ̀wọ́ lẹ́tà sí, kí ó sì tún un kọ ní ìlànà mìíràn. Ó lè dà bí ẹni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti olùkọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀: bí ọ̀rọ̀ bá kúrò nínú ìlànà ìkọ̀wé kan bọ́ sí òmíràn, ǹjẹ́ ó dé ibẹ̀ láìdín?

Ohun tí àwọn fáìlì wọ̀nyí ń gbé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé ni. Purotéènì jẹ́ ẹ̀wọ̀n àwọn amínò ásíìdì, lẹ́tà kan ni àwọn onímọ̀ sì fi dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú hemoglobin, èyí tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ẹ̀wọ̀n alfa ní lẹ́tà 141, ẹ̀wọ̀n beta sì ní 146. Bí wọ́n bá to ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì sábẹ́ ara wọn, báyìí ni yóò rí:

V-LSPADKTNVKAAW
VHLTPEEKSAVTALW

Ìlà kékeré tí ó tẹ̀lé V nínú alfa kì í ṣe lẹ́tà. Àlàfo ni, ó ń sọ pé H inú beta kò ní ẹlẹgbẹ́ níhìn-ín. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, P kò ní bá P pàdé, W kò sì ní bá W. Èyí ni àtòsábẹ́ra: òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdájọ́ pé orísun kan náà ni àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ti wá.

Ìlànà kíkọ àtòsábẹ́ra kì í ṣe ọ̀kan. PHYLIP ti Joseph Felsenstein, tí ó jáde ní 1980, ń fi iye ìlà àti iye òpó ṣíwájú, ó sì fún orúkọ ní àyè àmì 10 péré. FASTA, tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú ètò tí William Pearson àti David Lipman gbé jáde ní 1988, kò béèrè ju àmì > àti orúkọ lọ kí àwọn lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Ìlànà Clustal, tí ó wá láti inú iṣẹ́ Desmond Higgins àti Paul Sharp ní 1988 kan náà, máa ń fi àmì ìràwọ̀ sábẹ́ òpó tí lẹ́tà rẹ̀ kò yàtọ̀. Stockholm, èyí tí Pfam àti Rfam fi ń kọ tiwọn, ni ó lọ́rọ̀ jù lọ: ó ní ìlà àlàyé fún fáìlì lápapọ̀, fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, fún òpó, àti fún lẹ́tà.

Àṣẹ mẹ́rin ni Bio.AlignIO fi ń bá gbogbo wọn lò: parse, read, write àti convert. Ẹwà iṣẹ́ náà ni pé orúkọ ìlànà nìkan ni òǹlò ń pààrọ̀. Àṣẹ kò yí padà. Ó sì tún yẹ fún ìyìn pé ètò náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ̀. Bí ẹnì kan bá fi read ka fáìlì tí àtòsábẹ́ra méjì wà nínú rẹ̀, kì í mú ọ̀kan kí ó sì dákẹ́ lórí èkejì. Ńṣe ni ó ń dá iṣẹ́ dúró, tí ó sì ń sọ ìdí. Bákan náà ni kò gbà kí ìlà kan gùn ju òmíràn lọ. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan ni ó ń wọ̀n. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà 15 àkọ́kọ́ ti alfa láìsí àlàfo, VLSPADKTNVKAAWG, sórí 15 ti beta, yóò gbà á wọlé, bí W kò tilẹ̀ bá W pàdé mọ́. Ìdájọ́ nípa ìbátan àwọn lẹ́tà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó tò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó fi ibi tí iṣẹ́ náà kù sí hàn. HbA ni hemoglobin tí ó wọ́pọ̀. HbS ni ti àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tí àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ Benin pe ọ̀kan nínú oríṣi àbùdá rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n: ẹ̀kẹfà nínú beta, tí ó jẹ́ E nínú HbA, di V nínú HbS. Bí ìlà méjì bá ń jẹ́ Homo_sapiens_HbA àti Homo_sapiens_HbS, àmì 10 àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì ni Homo_sapie. Bí wọ́n bá ní kí Bio.AlignIO kọ wọ́n ní PHYLIP, yóò kọ̀, yóò sì sọ pé orúkọ kan wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé HbS nìkan ni ó wà láàárín ìlà àwọn ẹranko, yóò gé orúkọ rẹ̀ láìfọhùn. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí ó bá gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè kà á sí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Inú convert ni àdánù tí ó tóbi jù wà. Nínú fáìlì Stockholm ti Rfam, ìlà kan wà tí ń jẹ́ SS_cons, tí ó ń tọ́ka sí àwọn òpó tí ń so mọ́ra wọn nígbà tí ẹ̀wọ̀n RNA bá ṣẹ́ po. Bí wọ́n bá yí fáìlì náà padà sí FASTA, gbogbo lẹ́tà pé, gbogbo àlàfo pé, ṣùgbọ́n ìlà yẹn ti lọ. Èsì tí convert ń fún òǹlò ni 1, èyíinì ni pé àtòsábẹ́ra kan ni ó yí padà. Òótọ́ ni èsì náà, FASTA kò sì ní àyè fún irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka èsì nìkan yóò rò pé ohun gbogbo dé.

Òǹkàwé Nago mọ irú àdánù yìí. Bí ẹ àti ọ tí wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà bá di ɛ àti ɔ ní Benin, tí ṣ sì di sh, ohun kankan kò sọnù. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè dá wọn padà. Ṣùgbọ́n bí atẹ̀wé bá yọ àmì ohùn, igbá, ìgbà àti igba di ọ̀kan, lẹ́tà wọn kò sì dín. Ohun tí FASTA ń ṣe sí Stockholm nìyẹn.

Nítorí náà, iṣẹ́ rere ni Bio.AlignIO, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan fún un: bí ó ti ń pariwo nígbà tí orúkọ méjì bá dà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa sọ ohun tí ó jábọ́. Títí di ìgbà náà, kí òǹlò pa fáìlì Stockholm àkọ́kọ́ mọ́. Kí ó fúnra rẹ̀ sọ ìlà ní orúkọ kúkúrú tí kò ní dà pọ̀, bí Hs_HbA àti Hs_HbS, kí ó sì kọ orúkọ gígùn wọn sínú ìwé lọ́tọ̀, tàbí kí ó lo phylip-relaxed tí ó gba orúkọ gígùn. Kí ó sì tún ka fáìlì tuntun lẹ́yìn kíkọ, kí ó fi orúkọ, ìlà àti òpó rẹ̀ wé ti àtijọ́ kí ó tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.