Òfin Ilé Tí Bíríkìlà Kò Lè Kà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ mínísítà fún iná mànàmáná, iṣẹ́ àti ilégbèé, ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Building Energy Efficiency Code. Jámánì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Èmi kì í ṣe ayàwòrán ilé, iṣẹ́ èdè ni mo ṣe jẹun. Àmọ́ òfin náà, èdè ni. Bí a ṣe máa ń yẹ ìwé wò ní kíláàsì ni mo ṣe fẹ́ yẹ èyí wò: kí ló sọ, ta ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣé ẹni náà sì gbọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Nǹkan mẹ́rin péré ni ìwé náà dì mú ṣinṣin: fèrèsé, iná yàrá, òrùlé àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ wo ti iná. Ó ní nínú ilé gbígbé, kí iná má ju wáàtì 6 lọ fún mítà onígun mẹ́rin kan. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 kò gbọdọ̀ ju nǹkan bíi wáàtì 80 lọ nìyẹn. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 100 kan ṣoṣo ti rú òfin; gílóòbù LED méjì oníwáàtì 10 ò tíì sún mọ́ ààlà. Ọmọ iléèwé lè ṣírò rẹ̀. Òfin tó ṣeé ṣírò, òfin gidi ni.

Ti òrùlé ló ká mi lára jù. Ẹ wọ abẹ́ pánù tí kò ní àjà ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níhìn-ín, ní ọ̀sán oṣù Kẹta, kí ẹ tó bá mi jiyàn. Lápá ọ̀dọ̀ wa, oòrùn máa ń dúró sókè orí gan-an, nítorí náà òrùlé ló ń gbà á ju ògiri lọ, pánù lásán kò sì dá ooru kankan dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, búlọ́ọ̀kù tó ti mu ooru látàárọ̀ á wá máa tú u sínú yàrá. Àgbàlagbà á gbé ẹní jáde síta, ẹ̀fọn á sì bá a níbẹ̀. Ẹni tó lówó á tan amúlétutù. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní ìpele A fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún kílówáàtì wákàtí kan. Òrùlé tí kò dára ti ń bá wa jẹun nínú abọ́.

Ìwé náà sọ ìwọ̀n tí òrùlé gbọ́dọ̀ fi dá ooru dúró: 1.25. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 á kájú ẹ̀. Koríko gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 12 náà á kájú ẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ṣé ẹ gbọ́? Koríko ọdún Bẹẹrẹ, tí wọ́n ń kó wá fún Aláàfin láti fi bo òrùlé ààfin, yege nínú ìdánwò ọdún 2017. Mi ò ní ká padà sí koríko o. Iná ń jó o, òjò ń jẹrà á, ọwọ́ tó ń pààrọ̀ rẹ̀ kò sì sí mọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé ìmọ̀ náà kì í ṣe àjèjì, orúkọ rẹ̀ kò sì ṣàjèjì: àjà, àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣíji bo ògiri.

Ìjà mi mẹ́ta nìyí. Èkíní, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ẹnjiníà. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń kọ́ ilé ládùúgbò wa? Onílé á ra ilẹ̀, á pe bíríkìlà, bíríkìlà á pe káfíńtà, ó parí. Òfin ò bá àwọn wọ̀nyí sọ̀rọ̀ rárá.

Èkejì, ó ní kí fèrèsé má ju ìdá 20 nínú 100 ògiri lọ, àfi tí ìbòòji bá wà fún un. Ìyẹn bá ilé onígíláàsì tó ń lo amúlétutù mu. Ilé tí kò ní ín, afẹ́fẹ́ ni oògùn rẹ̀: fèrèsé méjì tó kọjú síra, tí òrùlé yọ bò dáadáa. Ó yẹ kí ìwé náà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kedere, torí irú ilé kejì yìí la pọ̀ sí.

Ẹ̀kẹta, láti ọdún 2003 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú àti ilé kíkọ́. Ohun tí Abuja kọ, ìmọ̀ràn lásán ni títí ìpínlẹ̀ á fi sọ ọ́ di òfin tirẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní “ìfipamọ́ agbára”. Iṣu la ń fi pamọ́ sínú àká. Ohun tí òfin yìí ń wá ni iná díẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀. Bí a ṣe rí “amúlétutù” dá sílẹ̀, a lè sọ “àjà adáoorudúró”, káfíńtà á sì mọ ohun tí à ń wí.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì ètò ìlú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní LAUTECH, ojú ìwé kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ, ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán: òrùlé, fèrèsé, gílóòbù. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù àti ti àwọn onípákó. Màá bá yín wo àmì ohùn rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.