Iṣẹ́ Ọwọ́ Tí Mo Fẹ́ràn: Fífi Plugin Sórí Kọ̀ǹpútà

Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe láti gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò wa ní Ìkòyí, ìlú àwọn jagunjagun Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó fífi plugin, ìyẹn ètò kékeré tí a ń so mọ́ ètò ìgbohùnsílẹ̀ láti tún ohùn ṣe, sórí kọ̀ǹpútà àti títọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, bí akọrin kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe é.

Ní ọdún 1996 ni ilé-iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì gbé VST, ìlànà tí a fi ń ṣe plugin, jáde, tí iṣẹ́ àwọn àpótí irin tí a fi ń tún ohùn ṣe sì túbọ̀ ń wọ inú kọ̀ǹpútà. Nígbà náà, ibi tí ó bá wu oníkálukú ni í kó plugin rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí VST3 dé ní 2008, ó fún gbogbo wọn ní ibùgbé kan náà, èyí tí í ṣe fóldà VST3 nínú Common Files lórí Windows.

Iṣẹ́ orin tí a fi pamọ́ kì í gbé plugin dání. Àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ àti bí a ti tò ó ni ó ń kọ sílẹ̀. Bí a bá ṣí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí ó pe plugin náà tí kò jẹ́, ohùn yóò jáde ní gbígbẹ, láìsí àtúnṣe tí plugin náà ń ṣe sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀dà mìíràn ni ó dáhùn, ìró gángan tí ó ti ń rọra lọ sílẹ̀ lè gé lójijì.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kó fáìlì tí a fi gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé sínú dírááfù ọ̀tọ̀, tí mo sì ń kọ nọ́ńbà ẹ̀dà mọ́ orúkọ rẹ̀. Èmi kì í mú ẹ̀dà tuntun wọlé nígbà tí iṣẹ́ bá ṣì wà nílẹ̀, bí kò ṣe pé mo ti kọ́kọ́ gba ohùn tí plugin náà ti tún ṣe sílẹ̀ ní WAV, kí ó lè dá dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà lánàá lè ní plugin tuntun jù mí lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Bí àgbà kan bá ki oríkì Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí sínú ẹ̀rọ wa lónìí, ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ni pé kí ó bá a bí ó ti rí gan-an nígbàkúùgbà tí ó bá wá béèrè, ẹni tí ó bá sì tọ́jú ẹ̀dà dáadáa nìkan ni ó lè san ẹ̀tọ́ náà.