Mítà Alásansílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ láti Alímọ̀ṣọ́

Ohun tí a gbé wá síwájú ìjókòó yìí kì í ṣe ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ewì. Mítà iná mànàmáná ni, èyí tí à ń sanwó sí kí a tó lò ó, tí àwọn ará Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò ń pè ní pirípéèdì. Ìdí tí a fi mú un wá sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè ni pé àwọn tí ń tà á ń pe irú rẹ̀ ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ èyí tí Yorùbá kì í fi ṣeré. Ní èdè wa, ẹni tí ó mọ nǹkan kò tíì di ọlọ́gbọ́n. Ẹni tí ó ń rántí nǹkan pẹ̀lú kò tíì dì í. A ó béèrè ohun tí ó fi ìmọ̀ náà ṣe, a ó sì béèrè ẹni tí ó ṣe é fún. Ìbéèrè kejì yìí ni a ó fi wọn mítà.

Kí a tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹ jẹ́ kí a sọ dáradára rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ilé nígbà NEPA, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972, tàbí nígbà PHCN tí ó rọ́pò rẹ̀ ní 2005, yóò mọ bíìlì àfojúbù. Òṣìṣẹ́ kò wo mítà. Ó jókòó sí ọ́fíìsì, ó fojú bu iye tí ilé kan jẹ. Títà tí ìjọba ta iṣẹ́ ìpínná fún àwọn aládàáni ní oṣù kọkànlá 2013 kò pa àṣà náà rẹ́. Mítà alásansílẹ̀ ni ó fòpin sí i nínú ilé tí ó bá dé. Ìdáǹdè gidi ni èyí fún opó oníyàrá kan tí wọ́n ń gbé bíìlì tí ó tó ti ilé-búrẹ́dì wá bá.

Ọnà tí a fi ṣe é pàápàá yẹ fún ìyìn. Nọ́ńbà 20 tí à ń tẹ̀ sínú rẹ̀, èyí tí à ń pè ní tókìn, kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì. Iye iná tí a rà àti àkókò tí a rà á ni a dì pọ̀ bí àrokò, mítà tí a dì í ránṣẹ́ sí nìkan ni ó sì lè tú u. Gúúsù Áfíríkà ni ètò náà ti ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú àrokò yìí gan-an ni àléébù fara pamọ́ sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1993 ni ètò náà ti ń ka ìṣẹ́jú, àyè tí a sì fi sílẹ̀ fún kíkà náà kò gbà ju 16,777,216 lọ. Ó kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2024. Mítà tí a kò bá tẹ tókìn àkànṣe méjì sí nínú kò lè gba iná tuntun mọ́. Nọ́ńbà 40 nìyẹn, kí a tó wá tẹ 20 tí a fowó rà. Ta ni iṣẹ́ yìí já lé lọ́wọ́? Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kò ṣe é fúnra rẹ̀. Ní ilé kan ní Ìgàndò, ọmọdé kan ni ó ń tẹ̀ ẹ́ fún ìyá àgbà nínú òkùnkùn, iná fóònù ni wọ́n fi ń ríran. Ojú ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a gé kúrú.

"Ṣé ó ti gbà á?"

"Ó ní rárá, Màmá."

Ẹ̀rọ kò sọ ìdí. Bí ènìyàn bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni ní ilẹ̀ Yorùbá, yóò wí àwíjàre, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ irọ́.

Ti ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo wọn pín mítà kan ṣoṣo, kò pẹ́ẹ́ sọ. Mítà kò mọ ẹni tí ó ní fíríìjì yàtọ̀ sí ẹni tí ó ní gílóòbù kan. Ìjà tí ó wà láàárín òṣìṣẹ́ NEPA àti ayálégbé tẹ́lẹ̀ ti di ìjà ayálégbé sí ayálégbé.

Àléébù tí a kà sí ńlá jù ni ti òṣùwọ̀n. Ní ọjà Ìkòtún, kóńgò ni a fi ń wọn gàrí. Ẹni tí ó ń rà á lè gbé kóńgò náà, kí ó wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n ti lù ú wọlé. Ó lè lọ sí ìsọ̀ kejì. Ó sì lè béèrè èènì. Kóńgò iná wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á nìkan, òǹtẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, àjọ NERC gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìpínná láyè láti sọ owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà ìsọ̀rí A di náírà 225, láti bí náírà 68. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àdéhùn tí ó bá a rìn ni pé iná yóò máa wà fún wákàtí 20 lójúmọ́. Mítà ń ka yúníìtì títí dé ìdá kékeré jù. Wákàtí ńkọ́? Kò sí lójú ẹ̀rọ tí a ń wò. Apá kan àdéhùn ni ó ń jẹ́rìí sí, apá tí oníbàárà jẹ.

Ẹnì kan nínú wa lè sọ pé irin kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ni kí a bá wí. A gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lámèyítọ́ a máa wo ohun tí òǹkọ̀wé kọ̀ láti sọ, a sì máa béèrè ẹni tí ìdákẹ́ náà ṣe ní àǹfààní. Ojú mítà jẹ́ ojú ìwé. Ẹnì kan ni ó yan ohun tí yóò hàn níbẹ̀. (Kì í kúkú ṣe àjèjì sí Alímọ̀ṣọ́ kí iye má fi ẹnu kò: ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní 2006 kà wá sí 1,277,714, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní a lé ní mílíọ̀nù méjì.)

Nítorí náà, ní èrò tiwa, kò tíì yẹ kí a túmọ̀ orúkọ ẹ̀rọ yìí sí ọlọ́gbọ́n nínú ìwé ìperí tí a ń gbìmọ̀ rẹ̀. Aṣírò tó o. Ní ilé kan ní Ẹgbẹ́dá, ayálégbé kan lẹ kàlẹ́ńdà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀; bírò ni ó fi ń kọ wákàtí tí iná dé àti wákàtí tí ó lọ, ọjọ́ dé ọjọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí mítà kà.