Ohùn Tí A Pín, Ohùn Tí A Tò Léra: Dùùrù Ìgbàlódé Níbi Ìnáwó ní Abobo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ atẹdùùrù ìgbàlódé fi ń gbèjà iṣẹ́ wọn: bí ohùn kan bá dùn, wọ́n gbà pé méjì tàbí mẹ́ta tí a gbé léra yóò dùn jù ú lọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ibi tí òwe náà ti bá orin mu àti ibi tí kò ti bá a mu. Ibi ìnáwó àwọn Yorùbá ní Abobo, ní apá àríwá Abidjan, ni a ti mú àpẹẹrẹ wa.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń gbé Abidjan ni orírun wọn jẹ́ Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn ọmọ wọn ń fi Faransé kàwé, wọ́n ń fi Jùlá nájà, wọ́n sì ń fi Nouchi bá ẹgbẹ́ ṣeré. Níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ni etí wọn ti ń bá Yorùbá tó jinlẹ̀ pàdé. Níbi tí a kò bá sì ti rí àyàn tí yóò fi ìyáàlù kí ènìyàn, dùùrù ni ó ń gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ dùùrù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Ọ̀rọ̀ èdè ni.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni atẹdùùrù ń gbà lo ohùn tó ju ẹyọ kan lọ. Èkíní ni kí ó pín àwọn ìtẹ̀, ìyẹn àwọn funfun àti dúdú tí ìka ń tẹ̀, sí apá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ òsì ń mú ohùn gìtá ìsàlẹ̀ jáde, ọwọ́ ọ̀tún ń mú ti fèrè jáde. Split ni wọ́n ń pè é. Èkejì ni kí ó to ohùn méjì léra lórí ìtẹ̀ kan náà, kí ìka kan ṣoṣo mú fèrè àti gòjé dún pọ̀. Layer ni wọ́n ń pe ìyẹn. DX7 tí ilé-iṣẹ́ Yamaha gbé jáde ní 1983 kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nígbà tí Korg gbé M1 jáde ní 1988, ó ṣeé ṣe láti kó ohùn tó tó 8 pọ̀, yálà ní pípín tàbí ní títò léra. Ṣùgbọ́n ìró 16 péré ni ẹ̀rọ náà lè mú dún pọ̀. Bí ìtẹ̀ kan bá ń gba ìró 2, ìtẹ̀ 8 ni ó lè dún pọ̀. Bí ó bá ń gba 4, ó ku 4. Bí ohùn ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè ń dín kù.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Abobo, atẹdùùrù fẹ́ fi ohùn orin kí baba ọmọ, ẹni tí ó ní gbaka, ọkọ̀ kékeré tí ń kó èrò lọ sí Adjamé. Ó fẹ́ pè é ní ọlọ́kọ̀. Fèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì yé gbogbo wa. Nígbà tí orí rẹ̀ wú, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó to gòjé lé fèrè lórí. Ìró kún gbogbo àgọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tí ó jókòó nítòsí wa bú sẹ́rìn-ín: “Ọlọ́kọ́ kẹ̀? Ìgbà wo ni bàbá yìí di àgbẹ̀?”

Ẹ̀rín ìyá yìí ni àríwísí tó péye jù lọ tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà. Atẹdùùrù kò ṣi ìtẹ̀ tẹ̀. Ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó tẹ̀, bí ó ti yẹ. Ìwà ohùn tí ó tò lé e ni ó fa àléébù. Gòjé inú ẹ̀rọ náà kì í tètè dìde, kì í sì í tètè kú. Ìrù ohùn òkè ṣì ń fà nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ wọlé, ó sì bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ ṣe di ọlọ́kọ́ nìyẹn. Nínú èdè tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti jẹ́ ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìtumọ̀ ni irú ìrù bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́.

Àwọn àyàn ti mọ èyí tipẹ́. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú àti àwọn omele ń di ìlù mú ní ipò tiwọn. Ìlù pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Pípín ni ètò yìí. Lóòótọ́, pípín náà ní àléébù tirẹ̀: bí orin bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ààlà, fèrè yóò di gìtá láàárín gbólóhùn. Atẹdùùrù tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ wọn ibi tí orin yóò dé kí ó tó pààlà.

A kò gbọdọ̀ dá atẹdùùrù náà lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ, nítorí orin Abidjan ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Zouglou, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ti inú ìlù àti ohùn ẹnu wá. Nígbà tí Magic System gbé “Premier Gaou” jáde ní 1999, dùùrù ti di ara rẹ̀. Faransé ni zouglou sábà ń lò, Faransé kò sì fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá to ohùn mẹ́ta léra níbẹ̀ kò ba ọ̀rọ̀ kankan jẹ́. Ní ti jùjú, nígbà tí King Sunny Adé lo dùùrù ìgbàlódé nínú àwo Synchro System ní 1983, dùùrù kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìlù. Ẹ̀yìn ni ó ti ń gbè é.

Àbá wa kò le. Kí atẹdùùrù fi ohùn ẹyọ kan, tó ń tètè dìde tó sì ń tètè kú, sọ̀rọ̀ ní apá ọ̀tún. Kí ó to ohùn léra ní apá òsì, tàbí kí ó dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá parí tí ijó sì bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àgbájọ ọwọ́ wúlò sí. Abobo ni ọmọ tí a sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà yóò dàgbà sí. Bí ó bá ṣe pé dùùrù ni ìyáàlù kan ṣoṣo tí yóò máa gbọ́, ó yẹ kí ó gbọ́ ọ ketekete nígbà tí ó bá ń pe baba rẹ̀ ní ọlọ́kọ̀.